Ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́

Ààfin Honmè ni ibùgbé àtijọ́ àwọn ọba Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba sì ń jẹ́ Porto-Novo, olú-ìlú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ìrìn nǹkan bí kìlómítà 30 ló wà láàárín ìlú náà àti Kútọnu.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn Yorùbá ti tẹ̀dó sí àdúgbò Akron kí Te-Agbanlin, ọmọ ọba Allada, tó dé síbẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tó sì dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn ọba tó jẹ tẹ̀ lé e, Toffa ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ààfin yìí jù. Ó gorí ìtẹ́ ní 1874, nígbà tí ogun Dàhòmì ń dẹ́rù ba gbogbo agbègbè náà, ó sì fara ti àwọn Faransé kí ìjọba rẹ̀ má baà wó. Ààbò náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́: nígbà tí ó wàjà ní 1908, àwọn Faransé kò jẹ́ kí àwọn arọ́pò rẹ̀ ní agbára ọba mọ́. Gbeffa ló jẹ gbẹ̀yìn nínú wọn, ó sì kú ní 1976.

Àgbàlá ló ń ṣí sí àgbàlá nínú ààfin náà, ògiri amọ̀ ló sì yí wọn ká. Yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní yàrá dúdú, níbi tí àwọn amọ̀nà ti ń ṣàlàyé pé ọba tí ìlú bá kọ̀ máa ń wọ̀ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ yóò rántí igbá òfìfo tí wọ́n máa ń gbé fún Aláàfin tí ìlú bá kọ̀ nígbà àtijọ́, láti fi hàn án pé kí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí àlejò fara balẹ̀ wò jù lọ ni alounloun, ọ̀pá tí àwọn òrùka irin ń yọ̀ lára rẹ̀ lókè sódò, tí wọ́n sì ń dún wooro bí wọ́n bá ti ń mì ín. Wọ́n ní láti ara ọ̀pá àṣẹ Te-Agbanlin ló ti ṣẹ̀, òun sì ni wọ́n fi ń lu orin adjogan tí wọ́n fi ń yẹ́ ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sí. Àwòrán ẹyẹ, àmì ọba, ló máa ń wà lórí ọ̀pá náà. Nígbà tí ìjọ Àgùdà gba orin yìí wọlé fún ìsìn, wọ́n yọ ẹyẹ náà kúrò, wọ́n sì fi àgbélébùú rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí àkókò bá ṣẹ́ kù fún lè dé ilé ìdílé da Silva, tí wọ́n kọ́ ní 1870 ní àrà ìkọ́lé àwọn tó padà dé láti Bràsílì. Òun náà ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Fọ́tò àtijọ́ àti àga ilé ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí a rí bí àwọn ìdílé oníṣòwò ṣe ń gbé nílùú kan náà tí Toffa ti ń ṣèjọba.