Àìlèfaradà ohun tí kò dájú àti àníyàn

Àìlèfaradà ohun tí kò dájú ni ìṣesí ọkàn tó máa ń mú kí èèyàn ka ohunkóhun tí kò tíì mọ ibi tó máa já sí kún ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aburú tó lè tinú rẹ̀ wá kò tó nǹkan. Kò sẹ́ni tí kò ní in. Ti ẹlòmíì ló pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ojo.

Lọ́dún 1994, Mark Freeston, Michel Dugas, Robert Ladouceur àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Québec, ní Kánádà, gbé ìwé ìbéèrè olígbólóhùn 27 jáde láti fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí míì gé e kù sí gbólóhùn 12. Olùdáhùn á fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5: 12 ló kéré jù, 60 ló ga jù.

Àìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dani láàmú. Nínú ìwádìí kan tí University College London gbé jáde lọ́dún 2016, èèyàn 45 ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta. Bó bá wà níbẹ̀, iná á gbé wọn lọ́wọ́. Òógùn ara wọn àti ẹyinjú wọn fi hàn pé ìgbà tó lè rí bẹ́ẹ̀, tó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ní ìdajì-ìdajì, lara wọn kò lélẹ̀ jù, àní ju ìgbà tó dájú pé iná máa gbé wọn.

Ẹni tí èyí pọ̀ lára rẹ̀ á máa wá ìdánilójú kiri. Á ka lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó fi í ránṣẹ́, á tún ní kí ẹlòmíì bá òun wò ó. Ara á tù ú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á gbà pé àyẹ̀wò yẹn ló lé aburú lọ, kò sì ní ráyè rí i pé aburú ọ̀hún lè má wá rárá. Àwọn míì á sá: wọn ò ní ṣí èsì àyẹ̀wò, wọn ò ní ṣe ìpinnu. Àníyàn tó ń yọni lẹ́nu lọ́pọ̀ ọjọ́ fún oṣù 6 ó kéré tán ni wọ́n kọ́kọ́ so ó mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i lára ẹni tó ń bẹ̀rù àwùjọ, ẹni tó ń yẹ nǹkan wò léraléra àti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá.

Nínú ìtọ́jú, aláìsàn á yan ohun kékeré kan, bíi kó fi lẹ́tà tí kò ṣe pàtàkì ránṣẹ́ láìtún un kà. Á kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú; lẹ́yìn náà, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti bó ṣe bójú tó o bí àṣìṣe bá wà. Ó ṣe pàtàkì kó kọ ọ́ ṣáájú, torí bí nǹkan bá ti lọ dáadáa tán, èèyàn tètè máa ń gbàgbé bí ẹ̀rù ṣe bà á tó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó le jù, ó lè sá padà. Èyí tó ṣòro rí jù ni kó fi àyẹ̀wò kan rọ́pò òmíràn: kò tún lẹ́tà kà mọ́, àmọ́ ó ń wo fóònù ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú bóyá èsì ti dé. Ó yẹ kí ìyẹn náà wọ inú ìwé.