Yóga fún ọmọdé àti ẹbí ní ìgbà ooru

Yóga fún ọmọdé àti ẹbí ni irú yóga (ìdárayá tó pa ipò ara, mímí àti ìsinmi pọ̀) tí wọ́n tún ṣe kí ó lè bá ara ọmọdé, òye rẹ̀ àti ìwọ̀n sùúrù rẹ̀ mu, tí òbí tàbí alágbàtọ́ sì lè bá a ṣe pọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè apá àríwá ayé, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ló máa ń gbilẹ̀ jù, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ti gba họ́lídé gígùn, ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ́dún, oòrùn ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á sì ti kọjá kó tó wọ̀. Ooru ìgbà yìí náà ló mú kí iṣẹ́ olùkọ́ gba àkíyèsí púpọ̀. Ọmọdé tí ara rẹ̀ ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kì í tètè mọ̀, bí eré bá sì ti wọ̀ ọ́ lára, kì í sọ.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Íńdíà ni yóga ti wá, ọmọdé sì ti wà nínú ìtàn rẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, T. Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní yóga ní ààfin Mysore. B.K.S. Iyengar àti K. Pattabhi Jois, tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kékeré, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ọba ìlú Aundh, Bhawanrao Pant Pratinidhi, mú Surya Namaskar, ìyẹn ìtẹ̀léra ipò ara tí wọ́n fi ń kí oòrùn, wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún Ọjọ́ Yóga Àgbáyé, lẹ́yìn tí Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ti dábàá rẹ̀ níwájú wọn ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní 2015. Ọjọ́ náà bọ́ sí àsìkò tí ọ̀sán gùn jù ní apá àríwá, èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kíláàsì ẹbí ní ọgbà ìtura ìlú máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ní Times Square ní New York, wọ́n ti ń ṣe yóga ìta gbangba ní àsìkò yìí láti 2003.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Họ́lídé gígùn tí àwọn ọmọ fi ń lọ lẹ́sìn sọ́mà, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án, bọ́ sí ìgbà òjò, nígbà tí ooru tó mú jù ti lọ láti oṣù Kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe yóga pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà náà nílò gbọ̀ngàn tó ní òrùlé àti ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí ẹsẹ̀ tútù lórí táìsì ló ń ṣubú.

Àsìkò àti ibi

Wákàtí ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ yàn kó tó ronú kan ipò ara kankan. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí àárín méjèèjì ni oòrùn ń ta jù. Ẹni tí kò ní aago lọ́wọ́ lè wo òjìji ọmọ. Bí òjìji náà bá ti kúrú ju ọmọ fúnra rẹ̀ lọ, kí wọ́n bọ́ sábẹ́ igi tàbí kí wọ́n wọlé. Àwọn aláṣẹ ìlera ní Ìlú Ọba gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọdé má ṣe eré ìdárayá tó le lọ́jọ́ tí ooru bá ju 30°C lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kíláàsì á di ti mímí, ìtàn àti ìsinmi nìkan. Yàrá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú gbóná dé nǹkan bí 40°C, èyí tí àwọn àgbàlagbà kan ń sanwó fún, kò yẹ ọmọdé rárá. Tí a bá fi ìwọ̀n ara wé ara, awọ tí ọmọdé fi ń gba ooru pọ̀ ju ti àgbà lọ, kì í sì í làágùn tó àgbà.

Olùkọ́ ló yẹ kí ó kọjú sí oòrùn, kí àwọn ọmọ kẹ́yìn sí i. Ọmọ tó bá ń ṣẹ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ní rí ohun tí wọ́n ń fi hàn án, orí á sì máa fọ́ ọ. Kí ẹni kan rin ilẹ̀ náà já kí àwọn ọmọ tó bọ́ bàtà, kó wá àfọ́kù ìgò, ìtẹ́ èérà àti ìgbẹ́ ajá. Sìmẹ́ńtì tàbí ẹní dúdú tó ti wà nínú oòrùn lè jó ọmọ lẹ́sẹ̀: bí ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà kò bá lè dúró lórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, níbi tí eégbọn inú kóríko ti lè kó àrùn ranni, wọ́n máa ń yẹ ọmọ wò lẹ́yìn kíláàsì: ẹ̀yìn etí, abíyá, kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí irun.

Ohun èlò

Ẹní rọ́bà tó nípọn tó mílímítà 4 sí 6, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ti tó. Aṣọ fẹ́lẹ́ tó ń gba atẹ́gùn, fìlà fún ìgbà ìsinmi, táwẹ̀lì kékeré kan fún òógùn ọwọ́, àti ìgò omi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Kí ọmọ máa mu omi ṣáájú kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Fún ọmọ ọdún 9 sí 12, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn mílílítà 100 sí 250 ní ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí oúnjẹ tó wúwo ti kúrò nílẹ̀ tó wákàtí méjì.

Ìpara ààbò oòrùn SPF 30 ni wọ́n máa ń fi pa ọmọ lára ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó jáde, wọ́n á sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì. Awọ dúdú ní ààbò ju awọ funfun lọ, àmọ́ oòrùn lè jó òun náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé ni pé kí wọ́n nu àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mọ́ lẹ́yìn ìpara. Ìpara yẹn ló ń mú kí ọwọ́ yọ̀ ní ipò ajá (ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìdí lókè), tí ọmọ á sì fi àgbọ̀n nalẹ̀.

Bí kíláàsì ṣe ń lọ

Ọmọ ọdún 3 sí 5 kì í lè ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Ti ọmọ ọdún 6 sí 8 lè tó ìṣẹ́jú 30, ti ọmọ ọdún 9 sí 12 lè dé 45. Nínú kíláàsì oní-30-ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjókòó yíká àti mímí, márùn-ún tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti nínà ara bí ológbò àti màlúù lórí ọwọ́ àti orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ìtàn á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12: olùkọ́ ń sọ ìrìn àjò kan, gbogbo ohun tí wọ́n bá bá pàdé lọ́nà, igi, ejò, labalábá, afárá, ọkọ̀ ojú omi, ni àwọn ọmọ á fi ara ṣe. Mímí mẹ́ta sí márùn-ún ti tó fún ipò kan. Eré kúkúrú ló máa ń tẹ̀ lé e, irú èyí tí wọ́n ń jó tí orin bá dá tí kálukú á dúró ní ipò kan, kí ìsinmi ìkẹyìn tó dé. Wọn kì í yọ ìsinmi yìí kúrò bí àkókò bá ti lọ. Ibẹ̀ ni ara ti ń tutù. Kí wọ́n gé ìtàn kù dípò rẹ̀.

Ipò igi ló wu àwọn ọmọ jù. Ọmọ á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ kejì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mọ́ ojúgun tàbí mọ́ inú itan, á sì pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà. Kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún, nítorí oríkèé yẹn ń ká síwá-sẹ́yìn, a kò dá a láti gba ìtìkulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí gbogbo ọmọ bá ń ṣubú léra, ojú ni kí olùkọ́ wò. Ọmọ tó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mì á bá a mì. Ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́ kò sì dára fún títẹjúmọ́. Kí wọ́n wá òkúta kan tàbí ìdí igi kan. Lórí kóríko, láìsí ẹní, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ ń rí ilẹ̀ dì mú dáadáa.

Ní ipò ajá, ọmọ á kúnlẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún, á ya ìka ọwọ́, á gbé orúnkún nílẹ̀, á wá ti ìdí sókè àti sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ kò pọn dandan kó kan ilẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ká kòlòbà, ọwọ́ ló sún mọ́ ẹsẹ̀ jù tàbí kí ẹ̀yìn itan má nà tó. Kí ọmọ sún ọwọ́ síwájú díẹ̀, kó sì tẹ orúnkún. Olùkọ́ kì í fà á ní ìbàdí. Ọmọ ọdún 10 sí 14 tó ń yára ga ni èyí kàn jù, torí egungun rẹ̀ ń gùn ṣáájú iṣan, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ọmọ tí ara rẹ̀ rọ̀ jù, tí ìgúnpá tàbí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ kọjá ìlà. Ooru ń mú iṣan rọ̀ sí i, gbogbo èèyàn á sì máa yìn ín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí olùkọ́ ṣọ́ jù: kí ó tẹ oríkèé rẹ̀ díẹ̀, kí ó dúró kó tó dé òpin. Fífi orí dúró àti fífi èjìká dúró kò sí fún ọmọ kékeré, nítorí ọrùn.

Mímí

Mímí tó ń mú ara tutù ló bá ìgbà ooru mu. Nínú Sitali, ọmọ á ká ahọ́n bí ewé tí wọ́n fẹ́ fi rọ oògùn, á fa èémí wọlé láàárín rẹ̀, á pa ẹnu dé, á sì mí jáde ní imú. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò ká lè ṣe Sitkari: á pa eyín pọ̀, á fa èémí láàárín eyín. Ìgbà mẹ́fà ti tó. Bhramari, ìyẹn kíkùn bí oyin pẹ̀lú ẹnu pípadé, dára fún ìparí. Àwọn kékeré máa ń gbé ọmọláńgidi lé ikùn, kí wọ́n rí i bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọdé kì í sé èémí, kì í sì í mí kíákíákíá nínú ooru. Òòyì ló ń dá sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba, lẹ́búlẹ́bú òdòdó kóríko ń fò káàkiri láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, imú àwọn ọmọ kan á sì dí. Kí irú wọn fi ẹnu mí. Ọmọ tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ ní oògùn tó ń fà sẹ́nu nítòsí.

Nígbà tí ẹbí bá ṣe é pọ̀

Òbí àti ọmọ lè jókòó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn kí kálukú máa gbọ́ mímí ẹnìkejì, tàbí kí wọ́n di igi méjì tó so ọwọ́ pọ̀. Bí òbí bá wólẹ̀ lórí orúnkún ní ipò ọmọdé, ọmọ lè fẹ̀yìn lé e lẹ́yìn. Òbí kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ. Nínú ipò ọkọ̀ tí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ara wọn, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń dì mú, orúnkún á sì tẹ̀. Bàbá tó bá ń fà láti na ẹsẹ̀ ọmọ lè já iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀.

Àgbàlagbà ló sábà ń da kíláàsì ẹbí rú, nípa títún ọmọ ṣe láìdákẹ́. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni kí ọmọ máa darí fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Nínú ẹbí Yorùbá, ìbọ̀wọ̀ kò sọnù níbẹ̀: «Mọ́mì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ẹ má dì í» ni ọmọ á wí, ìyá á sì ṣe é. Ìyá àgbà tó wá kí wọn lè jókòó sórí àga kó fi ọwọ́ àti ẹ̀yìn ṣe tirẹ̀. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́ta kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni kó fi sinmi.

Olùkọ́

Yoga Alliance, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yóga ní Amẹ́ríkà, ń béèrè ẹ̀kọ́ oní-95-wákàtí nípa ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba oyè olùkọ́ ọmọdé, lẹ́yìn oní-200-wákàtí ti gbogbogbòò. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ń yẹ àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé wò. NSPCC, àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé níbẹ̀, sì dámọ̀ràn àgbà kan fún ọmọ mẹ́fà tó wà láàárín ọdún 4 sí 8, àti ọ̀kan fún mẹ́jọ láàárín ọdún 9 sí 12. Kí olùkọ́ tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Bí ọmọ bá kọ̀, kí ó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ooru bá mú ọmọ

Orí fífọ́, òòyì, inú rírú, òógùn púpọ̀, àárẹ̀, ìkanra òjijì: èyíkéyìí nínú wọn tó láti dá ọmọ dúró. Wọ́n á gbé e sí ibòji, wọ́n á bọ́ aṣọ tó lé, wọ́n á fún un ní omi, wọ́n á wọ́n omi tútù sí i lára, wọ́n á sì fẹ́ ẹ. Bí ara kò bá tíì yá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, tí gìrì mú un tàbí tó dákú, wọ́n á pe 999 ní Ìlú Ọba, 911 ní Amẹ́ríkà.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀sìn

Ọ̀pọ̀ òbí, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ń bẹ̀rù pé ìjọsìn Híńdù ni yóga. Ní Encinitas ní California, àwọn òbí kan gbé ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí kóòtù. Ní 2013, adájọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ láre pé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sìn, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2015. Ìpínlẹ̀ Alabama, tó ti fòfin de yóga nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti 1993, yí òfin náà padà ní 2021: wọ́n gba ipò ara láàyè pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gba ìkíni namaste àti orin àdúrà, òbí sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Nítorí náà, níbi tí ẹ̀sìn àwọn ẹbí ti yàtọ̀ síra, olùkọ́ máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí òbí kí ètò ìgbà ooru tó bẹ̀rẹ̀, á to àwọn ipò tí wọn yóò ṣe, orin tí wọn yóò lò àti ohun tí kò ní sí níbẹ̀ sínú rẹ̀, òbí tó bá fẹ́ á sì jókòó wo kíláàsì.