Ìwọ̀n àná ló ń pa ẹni tó ti ṣíwọ́

Ohun tí tramadol ń ṣe lára kò gba àlàyé púpọ̀. Ìbátan mọ́fíìnì ni, ó ń pa ìrora, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń ru àpò àgbàdo ní Kétu tàbí tó ń wa zémijàn (ọ̀kadà akérò) ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Hóró tí dókítà sábà máa ń kọ jẹ́ 50 mg, àpapọ̀ ọjọ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ. A máa rí hóró 225 àti 250 lára ti ẹ̀bá ọ̀nà. Méjì péré nínú wọn ti kọjá ààlà.

Ọ̀pọ̀ rò pé bó bá ti pọ̀ jù lára, ọkàn ló ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Rárá o, èémí ni.

Ká fi ara wé ilé ìdáná tí iná rẹ̀ kì í kú. Afẹ́fẹ́ burúkú tí à ń mí síta ni èéfín rẹ̀. Ọlọ́dẹ kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, imú ló fi ń ṣọ́lé: bí èéfín bá ti ń pọ̀, á ṣí fèrèsé, a sì mí. Òwú ni tramadol ń kì bọ̀ ọ́ nímú. Èéfín á kún ilé, kò ní gbóòórùn rẹ̀. Sódabì (ògógóró) àti oògùn oorun ní tiwọn ń kun ọlọ́dẹ yẹn lóorun, ìdí tí àdàlù fi burú nìyẹn.

Bí òwú bá ń wọlé lójoojúmọ́, ọpọlọ á gba ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ. Bí hóró kan ṣe ń di mẹ́ta nìyẹn. Tí oògùn bá wá dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo ọlọ́dẹ á figbe ta: òógùn, ìgbẹ́ gbuuru, eegun ríro, àìsùn. Ó sábà máa ń le jù lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, a sì rọlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹbí á dúpẹ́. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọpọlọ á ti lé àwọn ọlọ́dẹ tó gbà kún un lọ, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ọkàn ẹni náà ṣì ń fà sí i. Ọjọ́ tó bá padà gbé mẹ́ta àtijọ́ mì, òwú mẹ́ta di imú kan. Ká ti ènìyàn mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e, ewu la ń fi lé e lọ́wọ́.

Dókítà tó mọṣẹ́ á máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ti jinlẹ̀ nínú rẹ̀, methadone wà, buprenorphine náà wà, oògùn tí dókítà ń fún un dípò tramadol. Àwọn kan ń sọ pé oògùn la fi ń rọ́pò oògùn. Òwú buprenorphine kì í dí imú tán, kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún òwú mìíràn. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ẹni tó ń hanrun lọ́nà àjèjì, tí a gbọ̀n tí kò jí, kì í ṣe oorun ló ń sùn. Ẹ ka èémí rẹ̀: bí kò bá tó mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí inú ètè rẹ̀ bá ti ń dúdú, ẹ pe pọ́mpíyè (panápaná) lórí 118. Ẹ má da epo tàbí wàrà sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Bó bá ṣì ń mí, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Tramadol tún máa ń fa gìrì; ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ naloxone ní ilé ìwòsàn lè yọ òwú náà, àmọ́ kò wo gìrì. Agbára rẹ̀ kì í sábà kọjá 30 sí 90 ìṣẹ́jú, tramadol sì ń pẹ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó lajú tó ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ẹ dá a dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí: òwú lè padà.