Bí fáìlì tó ń ti inú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jáde ṣe di èyí tó ń pé láìsí àfikún

Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá fi káàdì gbowó lọ́dọ̀ oní-POS ní Lagere tàbí Mayfair níbí l'Ifẹ̀, àkọsílẹ̀ kan á balẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà níbì kan, òmíì ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kì í dáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà kan ò lè dá a gbé, ọ̀pọ̀ ló ń pín in ṣe tí wọ́n á máa kọ èsì ẹ̀ sínú fáìlì. Tí ọ̀kan bá wá kú lójijì tí òmíì gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ńkọ́, kí ni ò ní jẹ́ kí owó kan náà wọ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì? Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ dátà ń lo ìdáhùn ẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ ká mọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ní 2004, Jeffrey Dean àti Sanjay Ghemawat ti Google kọ̀wé nípa MapReduce, ètò tó ń pín iṣẹ́ dátà ńlá fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á kọ fáìlì ẹ̀ sí orúkọ ìgbà díẹ̀ ná, ìgbà tó bá parí ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ gidi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni yíyí orúkọ yẹn ń ṣẹlẹ̀, kì í dúró sí ìdajì, kọ̀ǹpútà méjì ìbáà ṣe iṣẹ́ kan náà, fáìlì kan ló máa kù. Hadoop, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí Doug Cutting àti Mike Cafarella dá sílẹ̀, gba ọgbọ́n yìí, ibẹ̀ ni fódà _temporary (ibi tí fáìlì tí ò tíì parí ń wà) àti fáìlì òfìfo _SUCCESS (àmì pé iṣẹ́ ti parí) ti wá.

Àmọ́ irú iṣẹ́ yẹn ní òpin. Dátà tí ò lópin ńkọ́, ìgbà wo la fẹ́ ní ó parí?

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ látọdún 1985. Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, lọ kí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ Mani Chandy ní yunifásítì Texas l'Austin, nídìí oúnjẹ alẹ́ ni Chandy ti bi í pé báwo lèèyàn ṣe lè mọ ipò tí gbogbo kọ̀ǹpútà wà pa pọ̀ láìdá iṣẹ́ wọn dúró. Wáìnì ti wọ̀ wọ́n lára, wọn ò lè rò ó lálẹ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, Lamport ń wẹ̀ lọ́wọ́, ìdáhùn wá, ló bá gba ọ́fíìsì Chandy lọ, àfi bó ṣe bá Chandy níbẹ̀ tó ń dúró dè é pẹ̀lú ìdáhùn kan náà! Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an.

Àwọn tó ṣe Stratosphere ní Berlin, ní Jámánì, ètò fún iṣẹ́ dátà tó di Apache Flink ní 2014, ló mú un wọ iṣẹ́ wa. Wọ́n á ju àmì sáàárín dátà, kọ̀ǹpútà tí àmì bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sílẹ̀: checkpoint nìyẹn. Fáìlì wá ní ipò mẹ́ta, èyí tí wọ́n ṣì ń kọ, èyí tí wọ́n ti pa dé tó ń retí checkpoint, àtèyí tó ti pé. Nínú àwọn ẹ̀yà Flink tó ń kọ fáìlì yìí, RollingSink ló kọ́kọ́ dé ní 2015, StreamingFileSink tẹ̀lé e ní 2018, FileSink dé ní 2020.

S3 ti Amazon, ibi ìkó-fáìlì-sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló mú wàhálà míì wá, torí kò sí yíyí orúkọ nínú irú ẹ̀ tó wọ́pọ̀, ẹ̀dà lèèyàn máa ṣe kó tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Wọ́n wá ń fi fáìlì ránṣẹ́ ní ègé ègé, ègé kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ dín ní 5 MB àyàfi èyí tó gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí fáìlì yẹn títí checkpoint á fi yọrí, tí Flink á wá ní kí wọ́n so ó pọ̀. Torí ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ń lo FileSink fún dátà tí ò lópin tẹ́ ò tan checkpoint, fáìlì yín ò ní pé láé.