Ìdìbò abẹ́lé: ibi tí wọ́n ti ń bá wa yàn kí ó tó kàn wá

Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá dé là ń ráhùn pé kò sí ẹni gidi kan nínú àwọn tó jáde. Ibi tó yẹ kí ìráhùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdìbò abẹ́lé, ìyẹn ètò tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò fà kalẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá díje láìní ẹgbẹ́, nítorí náà ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin ìdìbò ọdún 2022 là sílẹ̀: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn, kí àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ọmọ ẹgbẹ́, dìbò lórúkọ wọn, tàbí kí gbogbo olùdíje fẹnu kò sórí ẹnì kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà. (Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣe ń “bẹ” àwọn tó kù kí wọ́n tó gbà, ìyẹn kò sí nínú òfin.)

Dẹ́lígéètì ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá fẹ́ràn jù lábẹ́ òfin yẹn. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ìbò 371 ni Atiku fi borí Wike tó ní 237 nínú ìdìbò abẹ́lé PDP. Nígbà tó di ìdìbò ààrẹ ní 2023, èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù méje ló dìbò fún Atiku kan náà. Nínú APC, ìbò 1,271 ló gbé Tinubu wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó yí irú èèyàn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn padà kò ní í nílò láti rìn jìnnà.

Owó fọ́ọ̀mù tún wà níbẹ̀. Ní 2022, mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ, PDP ta tirẹ̀ ní ogójì mílíọ̀nù. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦30,000 lóṣù, iye tó kéré jù nígbà náà, yóò fi ohun tó lé ní ọdún 270 tọ́jú gbogbo owó oṣù rẹ̀ kí ó tó ra ti APC. Ẹgbẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ kì í san owó ẹgbẹ́. Àwọn gómìnà àti olówó ló ń bọ́ ọ, àwọn náà ló sì ń darí rẹ̀.

Ní 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé. Ààrẹ Buhari kò fọwọ́ sí i. Ó ní yóò náni lówó jù, ààbò kò sì tó. Èmi fara mọ́ àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí rẹ́jísítà tòótọ́, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iye tó bá wu àwọn alákòóso ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Òfin 2022 ní kí ẹgbẹ́ fi rẹ́jísítà ránṣẹ́ sí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ibẹ̀ ni mo rò pé àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀: kí orúkọ inú rẹ́jísítà jẹ́ kìkì ti ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́, kí ará ìta sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé ẹjọ́ náà lè mú ẹgbẹ́ gan-an. Ní Zamfara lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní APC kò ṣe ìdìbò abẹ́lé bó ṣe yẹ. Gbogbo ìbò tí ẹgbẹ́ náà ní ló di òfo, ipò gómìnà sì bọ́ sọ́wọ́ PDP tó ṣe ipò kejì.