Adarí Orin Kì í Mú Ohùn Jáde: Kí Wá Ni Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lẹ́yìn eré ní Àbújá yìí ni pé kí ni ọ̀pá ọwọ́ mi yẹn ń ṣe, ṣebí àwọn akọrin ti mọ orin náà? Ìbéèrè gidi ni. Nínú gbogbo àwa tó wà níwájú yín, èmi nìkan ni n kì í mú ohùn kankan jáde.

Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ mi máa ń parí kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Sínfónì Karùn-ún (orin gígùn fún ọ̀pọ̀ ohun èlò) ti Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna lọ́dún 1808. Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ohùn mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀: mẹ́ta kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kọ ṣáájú wọn, ìsinmi kékeré tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Inú ìsinmi yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ mi ṣe yá tó nígbà tó ń gòkè ni orin yóò ṣe yá tó. Bí mo ṣe mí sínú ni yóò sọ bóyá ohùn àkọ́kọ́ yóò le tàbí yóò rọ̀. Bí èémí mi bá ṣe ségesège, àwọn kan á bọ́ síwájú, àwọn kan á gbẹ̀yìn, kò sì sí ọ̀pá tó lè kó wọn jọ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akọrin pé kí wọ́n máa wo àyà mi pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Ìyókù, etí ni. Nínú "Hallelujah" tí Handel kọ lọ́dún 1741, ibì kan wà tí ìpele ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn akọrin, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn sòpíránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ti pa pọ̀ kọ ohùn kan ṣoṣo. Àwọn akọrin tuntun rò pé ibẹ̀ ló rọrùn jù. Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe kò ti ríbi sá pamọ́ sí.

Òṣìṣẹ́ ni àwọn akọrin mi: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ni ọ̀pọ̀ wọn ń là kọjá, ohùn wọn sì ti rẹ̀ kí wọ́n tó dé. N kì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́, n ò sì gbà pé ó tọ́ láti gbà á. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ kùn, láìla ẹnu, títí ọ̀fun á fi rọ̀. Ohùn òkè á dé tó bá yá.

Nígbà ọyẹ́, igi tí wọ́n fi ṣe fáyólìn náà ń jìyà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi ara fáyólìn, igi á súnkì, èèkàn tó di okùn mú á máa yọ̀, ohùn á wálẹ̀. Nígbà mìíràn igi á là. Ẹ fi kànìnkànìn tútù sínú ike ọṣẹ tí ẹ ti dá lu, kí ẹ gbé e sínú àpótí fáyólìn. Kí omi má kan igi o.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé. Lọ́dún 1944, Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí lọ́dún 1905, kọ African Suite fún ohun èlò olókùn àti háàpù (ohun èlò ńlá tí wọ́n ń fi ìka ta okùn rẹ̀). Rédíò Kánádà fi apá tó kẹ́yìn, "Akinla", ṣí ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Kánádà mọ̀ ọ́n, àwa ò mọ̀ ọ́n! Bí kò bá sí háàpù, kíbọ́ọ̀dù lè gba ipò rẹ̀. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ adarí orin yín.