Bí àwọn Júù ṣe ń ka ọjọ́ ọ̀fọ̀ nígbà tí òkú ṣì wà lọ́wọ́ ajínigbé

Ní ọ̀pọ̀ sínágọ́gù, orúkọ tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún ẹni ìgbèkùn kọ́ ni wọn yóò fi rántí rẹ̀ bó bá kú. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n á so mọ́ tirẹ̀. Bó bá ti kú, orúkọ bàbá ni, pàápàá láàárín àwọn Ashkenazi, àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Jámánì àti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Láti October 2023 ni àìmọye ìjọ ti ń pe Hersh ben Perel Chana, Hersh ọmọ Perel Chana, nínú àdúrà fún Hersh Goldberg-Polin tí Hamas jí gbé lọ sí Gásà. Ní òpin August 2024, wọ́n rí òkú rẹ̀ àti ti àwọn márùn-ún mìíràn nínú ihò abẹ́lẹ̀ kan ní Rafah. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí wọ́n yọ orúkọ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń ka Sáàmù 121 àti 130 fún, kí wọ́n gbé e lọ sínú El Malei Rachamim, àdúrà tó ń bẹ Ọlọ́run kó fi ọkàn òkú sábẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀. Ẹni tó ń darí ìsìn tí kò bá tètè béèrè orúkọ bàbá á kàn dúró síwájú ìjọ ni, kò ní mọ ohun tí yóò pè.

Ọjọ́ méje ìjókòó ilé, ọjọ́ 30 àìgẹrun, oṣù 11 Kaddish, àdúrà tí ọlọ́fọ̀ ń ka, fún òbí: ìyẹn ò ṣòro, ó wà nínú ìwé gbogbo. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìgbà tí kíkà náà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ò yéé sọ pé láti ọjọ́ ikú ni, tàbí láti ìgbà tí wọ́n bá túfọ̀. Rárá o. Ìgbà tí erùpẹ̀ bá bo òkú tán ni. Kó tó dìgbà náà, onen ni wọ́n ń pe ìbátan òkú: kì í jẹ ẹran, kì í mu wáìnì, òfin àdúrà ojoojúmọ́ ò sì mú un, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀, kó sin òkú rẹ̀. Fún ọjọ́ kan, kò burú. Bí ajínigbé bá wá gbé òkú pamọ́ ńkọ́?

Shulchan Aruch, ìwé òfin tí Rábì Yosef Karo kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1565, ti dáhùn rẹ̀. Nínú apá Yoreh De'ah, orí 341, ó ní bí ẹnì kan bá kú sẹ́wọ̀n tí aláṣẹ ò jẹ́ kí wọ́n sin ín, àwọn ìbátan rẹ̀ kì í ṣe onen, wọn ò sì tíì wọ ọ̀fọ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń retí pé àwọn àti aláṣẹ náà á jọ dúnàádúrà. Orí 375 wá fi kún un pé ọjọ́ tí ìrètí àtigba òkú bá pin ni ọjọ́ kìíní.

Ohun tójú rí ló bí òfin yìí. Ọba Rudolf Kìíní ti Rábì Meir ará Rothenburg, àgbà rábì ilẹ̀ Jámánì, mọ́lé ní 1286. Ó kú sẹ́wọ̀n ní 1293, wọn ò sì yọ̀ǹda òkú rẹ̀ àfi ní 1307, nígbà tí Alexander Wimpfen san owó ńlá, tó sì ní kí wọ́n sin òun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òun bá kú. Òkúta sàréè àwọn méjèèjì ṣì dúró ní ìlú Worms ní Jámánì. Ká ní òfin onen mú ìbátan rẹ̀ ni, ọdún 14 ni wọn ò bá fi wà láìjẹ ẹran.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ajínigbé lè mú òkú, àmọ́ kò ní àṣẹ lórí kàlẹ́ńdà ọ̀fọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ta ló lè wọn ìrètí nínú ẹlòmíì? Wọ́n pa Hadar Goldin, ọmọ ogun Ísírẹ́lì, ní Rafah ní ọjọ́ 1 August 2014, Hamas sì gbé òkú rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn rábì ológun fi kéde pé ó ti kú, ọjọ́ 3 August ni wọ́n sì sin ìwọ̀nba ara rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ sí ìlú Kfar Saba ní Ísírẹ́lì. Lójú òfin, kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, wọ́n ń béèrè ìyókù ara ọmọ wọn títí wọ́n fi rí i gbà ní November 2025. Ìsìnkú ti wáyé, ìrètí ò pin. Òfin ò mọ ibi tí yóò to irú òbí bẹ́ẹ̀ sí. Bí ẹni ìgbèkùn bá tún ní ìyàwó, ọ̀rọ̀ le sí i, torí láìsí ẹ̀rí ikú tí ilé-ẹjọ́ rábì gbà, obìnrin náà ò lè fẹ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ka Kaddish lórí àgbọ́sọ: àwọn èèyàn lè rò pé ìyàwó náà ti dòmìnira láti fẹ́ ẹlòmíì.

Kaddish fúnra rẹ̀ ò dárúkọ òkú, kò sì dárúkọ ikú. Ìyìn Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀. Ó dà bí orin tó ní lílé àti ègbè: ọlọ́fọ̀ ló ń lé e, ìjọ ló ń gbè é, inú ègbè gan-an sì ni agbára rẹ̀ wà, níbi tí gbogbo wọn ti ń ké pé kí orúkọ ńlá Ọlọ́run jẹ́ oníbùkún títí ayérayé. Bí elégbè ò bá pé, ẹni tó ń lé e á pa ẹnu mọ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Èèyàn mẹ́wàá tó ti pé ọdún 13 ló gbọ́dọ̀ wà níkàlẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni àwọn Orthodox, ẹ̀ka tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, ń kà; àwọn Reform, ẹ̀ka tó tún àṣà ṣe, ń ka obìnrin mọ́ ọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà wọn ò ní í nàka sí orí kí wọ́n ní ọ̀kan, èjì. Sáàmù 28:9, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní èdè Hébérù, ni wọ́n ń pín fún wọn, ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kan. Bó bá ku ọ̀rọ̀ kan tí kò rí ẹni tí yóò gbà á, wọ́n á jáde lọ wá ẹnì kan wọlé. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n fo Kaddish nìyẹn.

Níbi tí ìbátan òkú ò sí, bí ìjọ tó wà lókè òkun, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti wù ló ń lé e. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé máa ń yẹra fún un, torí náà ọlọ́fọ̀ mìíràn tàbí ẹni tí òbí rẹ̀ ti kú ni wọ́n máa ń bẹ̀. Nínú oṣù Nisan, oṣù Àjọ Ìrékọjá, ọ̀pọ̀ ìjọ kì í ka El Malei Rachamim lójoojúmọ́ rárá.

Ọjọ́ ikú ni wọ́n ń rántí lọ́dọọdún, ọjọ́ ìsìnkú kọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ẹni náà kú sí ìgbèkùn, ìdílé á mú ọjọ́ kan nínú kàlẹ́ńdà Hébérù, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò sì máa lò lọ.